Ṣé lóòótọ́ ni bátìrì tó ṣeé yọ ń padà bọ̀ ní 2027? Ohun tí òfin Yúróòpù sọ àti ohun tí kò sọ

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí ẹ̀rọ ayélujára, ó sì ti wọ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ WhatsApp: wọ́n ní bó bá ti di ọdún 2027, fóònù tí bátìrì rẹ̀ kò bá ṣeé yọ kò ní ṣeé tà mọ́. Inú àwọn kan ń dùn pé a óò tún máa fi èékánná ṣí ẹ̀yìn fóònù bíi ti Nokia ayé ọjọ́un. Àwọn mìíràn ń bínú, wọ́n ní omi á máa wọlé, fóònù á sì tún nípọn gbàǹgbà.

Kì í ṣe irọ́, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń pín in kiri kọ́ ló rí. Òfin méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni gbogbo ayé ń pariwo. Èkejì, tí wọn kì í sábà dárúkọ, ló ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lè gbà jáde.

Kí ni òfin àkọ́kọ́ sọ gan-an?

Oṣù Keje ọdún 2023 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, EU, fọwọ́ sí òfin tuntun lórí bátìrì, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2023/1542. Kì í ṣe fóònù nìkan ló wà fún. Bátìrì mọ́tò, ti kẹ̀kẹ́ oníná, ti ẹ̀rọ ńláńlá, gbogbo wọn ló kó pọ̀, láti ibi tí wọ́n ti ń wa lithium àti cobalt nílẹ̀ títí dé ibi tí bátìrì máa gbà nígbà tó bá kú. Abala 11 ni ariwo ti wá. Abala yìí ní láti ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2027, ẹni tó bá ń ta ohun èlò tó ní bátìrì kékeré nínú ní Yúróòpù gbọ́dọ̀ rí i pé ẹni tó rà á lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ bátìrì náà, kó sì fi òmíràn sí i.

Ibi tí àwọn tó ń pín àtẹ̀jíṣẹ́ ti ṣì í nìyí: òfin náà kò sọ pé kí ó ṣeé yọ láìlo irinṣẹ́. Ohun tó wí ni pé irinṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà gbọ́dọ̀ tó o yọ. Bó bá gba irinṣẹ́ àkànṣe, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi í fún oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kò sì gbọdọ̀ ṣe é débi pé ooru tàbí kẹ́míkà ni wọ́n máa fi yọ́ gọ́ọ̀mù kí bátìrì tó kúrò níbi tó wà. Nítorí náà, fóònù tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì kéékèèké dì, tí screwdriver lásán lè tú, bá òfin mu láìkù síbì kan. Ti èékánná yẹn, kò sí nínú àdéhùn.

Nǹkan méjì mìíràn wà nínú abala náà tó yẹ kí ariwo wọn pọ̀ ju báyìí lọ. Àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa ta bátìrì fóònù kan fún ó kéré tán ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó èyí tó kẹ́yìn irú fóònù náà wọ ọjà, ní iye tó mọ́gbọ́n dání. Èkejì, wọn kò gbọdọ̀ fi sọ́fítíwíà dí ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ bátìrì lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà yìí kì í ṣe kékeré. A óò padà sí i.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wo ló wà nínú òfin kejì?

Òfin kejì, 2023/1670, kò dúró de 2027. Láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan ló sì kàn. Òun náà fẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lè pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Àmọ́ ó fi àyè kan sílẹ̀, tó ní ìwọ̀n mẹ́ta. Bátìrì náà gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kún tó sì ṣófo ní ìgbà 500. Lẹ́yìn ìgbà 1,000, kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju ìdá 80 lọ. Fóònù náà fúnra rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gba eruku láàyè, kó sì lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìbàjẹ́. Fóònù tó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé iṣẹ́ lè fi yíyọ bátìrì rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó kọ́ṣẹ́.

Ta ni àpèjúwe yẹn bá mu? iPhone, Galaxy S, Pixel, àwọn fóònù olówó gọbọi. Omi kì í ṣe ìṣòro wọn mọ́ láti ọdún pípẹ́. Bátìrì tó máa pẹ́ ló kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni Apple sì kéde pé bátìrì iPhone 15 máa ṣẹ́ ku ìdá 80 lẹ́yìn ìgbà 1,000, bẹ́ẹ̀ ìgbà 500 ni wọ́n máa ń sọ fún àwọn tó jáde ṣáájú rẹ̀. Kò ṣòro láti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Àwọn tí òfin yìí máa wá fún lọ́rùn jù ni fóònù olówó pọ́ọ́kú, èyí tí omi díẹ̀ ń bà jẹ́, tí bátìrì rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Ó dà bíi pé ó yí padà sí òdìkejì ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò: wọ́n ń retí kí iPhone ṣí sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé fóònù kékeré ló máa kọ́kọ́ ṣí.

Òfin kejì yìí ní àwọn nǹkan mìíràn nínú. Bátìrì gbogbo fóònù tuntun gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku ìdá 80 lẹ́yìn ìgbà 800, ó kéré tán. Pátì tí wọ́n fi ń tún un ṣe gbọ́dọ̀ wà fún ọdún méje lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáwọ́ títà rẹ̀ dúró, update náà fún ọdún márùn-ún. Òfin kékeré kan tó bá a rìn, 2023/1669, tún ní kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ páálí tó ń fi hàn bí bátìrì ṣe lágbára tó àti bí fóònù náà ṣe rọrùn tó láti tún ṣe.

Báwo ni bátìrì ṣe di ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú fóònù?

Apple ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di àṣà. Láti iPhone àkọ́kọ́ ní 2007 ni kò ti sí ọ̀nà tí ẹni tó rà á lè gbà yọ bátìrì. Nígbà yẹn, ohun àjèjì ni. Nokia, BlackBerry, Samsung, gbogbo wọn ló ṣeé ṣí.

Ẹni tó lo fóònù ní Nàìjíríà láyé yẹn kò nílò àlàyé. Bátìrì BL-5C ti Nokia wọ́pọ̀ débi pé fóònù mìíràn tí kì í ṣe Nokia pàápàá ń lò ó, títí kan rédíò kékeré. Ṣájà kan sì wà tí wọ́n ń pè ní desktop, tó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a máa ń fọwọ́ sún sọ́tùn-ún sósì títí á fi bá ojú bátìrì mu. Bí iná rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú, ó ń wọlé nìyẹn. Bí NEPA bá ṣe wàhálà, èèyàn á fi bátìrì sílẹ̀ sórí desktop nílé oní-jẹnẹrétọ̀, á fi òmíràn sínú fóònù, á bá tirẹ̀ lọ. Fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ọdún 2014 ni Samsung ṣe ìpolówó kan tó fi àwọn oní-iPhone ṣẹ̀fẹ̀, pé ara ògiri ni wọ́n máa ń rọ̀ mọ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú nítorí iná, nígbà tí oní-Galaxy S5 kàn ń pààrọ̀ bátìrì tirẹ̀. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀ tí Galaxy S6 jáde ní 2015, gíláàsì níwájú, gíláàsì lẹ́yìn, bátìrì ti di mọ́ inú. LG fa ẹsẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú V20 ní 2016, lẹ́yìn náà òun náà juwọ́ sílẹ̀. Ní 2021, LG kúrò nídìí òwò fóònù pátápátá.

Ẹ̀wà nìkan kọ́ ló fà á. Bátìrì tí oníbàárà máa fọwọ́ mú gbọ́dọ̀ ní èèpo líle lára, kí kọ́kọ́rọ́ inú àpò má baà gún un. Fóònù náà sì gbọ́dọ̀ ní ògiri láàárín bátìrì àti àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ yòókù. Gbogbo ìyẹn ń jẹ àyè. Bátìrì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú lè jẹ́ àpò rírọ̀ lásán, kí ó sì gba gbogbo igun tó ṣófo. Ìdí nìyí tí fóònù fi lè tẹ́ẹ́rẹ́, tí bátìrì rẹ̀ sì tún tóbi ju ti àtijọ́ lọ.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń bí àwọn èèyàn nínú?

Bátìrì lithium-ion ń gbó ni, bó ti wù kí a tọ́jú rẹ̀ tó. Gbogbo ìgbà tó bá kún tó sì ṣófo, agbára tó lè gbà ń dín díẹ̀. Ooru ló ń mú kó yára gbó jù: fóònù tó wà lábẹ́ oòrùn nínú mọ́tò, èyí tó ń gba iná lábẹ́ ìrọ̀rí, èyí tí a fi ń ṣe hotspot nígbà tó wà lórí ṣájà. Ojú fóònù, kámẹ́rà, àti ọpọlọ rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ọdún méje. Bátìrì ni kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yà kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó máa kọ́kọ́ kú ni wọ́n wá fi pa mọ́ síbi tó ṣòro dé jù.

Ìbínú náà di ti gbangba ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, nígbà tí Apple gbà pé sọ́fítíwíà òun ń dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù. Àlàyé wọn ni pé bátìrì tó ti rẹ̀ kò lè gbé iṣẹ́ tó wúwo lójijì, fóònù á kàn ṣàdédé pa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní àwọn kò bá má ti ra fóònù tuntun ká ní wọ́n sọ fún àwọn pé bátìrì lásán ni. Apple tọrọ àforíjì, wọ́n sì dín owó pípààrọ̀ bátìrì kù láti dọ́là 79 sí 29. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ilẹ̀ Faransé bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 25 yúrò lé wọn. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbà láti san tó mílíọ̀nù 500 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi.

Ti Google náà tún wáyé ní 2025. Nínú oṣù Kìíní, wọ́n fi update dín agbára bátìrì àwọn Pixel 4a kan kù, nítorí ìbẹ̀rù pé ó ń gbóná jù. Nínú oṣù Keje, ó kan Pixel 6a tó bá ti gba iná ní ìgbà 400. Wọ́n fún àwọn tó kàn ní àǹfààní láti pààrọ̀ bátìrì lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí láti gba owó. Ó rọrùn láti rí ohun tí àwọn tó ń jà fún bátìrì tó ṣeé yọ máa sọ sí i: ká ní ó ṣeé yọ, bátìrì nìkan ni à bá fi ránṣẹ́.

Kí ni ìhà kọ̀ọ̀kan ń sọ?

Àwọn ilé iṣẹ́ ní ohun mẹ́ta tí wọ́n máa ń tẹnu mọ́: omi, ìwọ̀n, àti ewu iná. Àwọn alátakò wọn ní ti omi kì í ṣe àwáwí tó dúró, nítorí Galaxy S5 ọdún 2014 yẹn ní àmì IP67, tó túmọ̀ sí pé kò bẹ̀rù omi mítà kan, bẹ́ẹ̀ ìdérí rẹ̀ ṣeé ṣí. Samsung náà sì ṣì ń ṣe XCover fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ agbára níta; bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, ó sì ní IP68. Òótọ́ nìyẹn. Òótọ́ míì ni pé XCover nípọn. Fairphone ti ilẹ̀ Netherlands ni gbogbo olùjà fún àtúnṣe máa ń tọ́ka sí; Fairphone 5 tó jáde ní 2023 ní bátìrì tí ọwọ́ lásán lè yọ, àmọ́ IP55 ló ní. Òjò kò ní pa á. Bó bá já sínú odò, ọ̀rọ̀ di méjì.

Lórí ewu iná, ìtàn méjì ló yẹ kí a gbé síwájú ara wọn. Ní 2007, Nokia kéde pé BL-5C mílíọ̀nù 46 tí ilé iṣẹ́ Matsushita ṣe lè gbóná jù. Àwọn tó ní in yọ bátìrì, wọ́n gba òmíràn, fóònù wọn sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ní 2016, Galaxy Note 7 bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná. Samsung pe nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 padà; èyí tí wọ́n fi pààrọ̀ wọn náà tún gbiná. Bátìrì kò ṣeé yọ, gbogbo fóònù ló lọ. Wọ́n pa á tì ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Àwọn ilé iṣẹ́ ní bátìrì ayédèrú tí oníkálùkù máa rà fi sínú fóònù léwu ju èyí tí àwọn fọwọ́ ara àwọn sí lọ, kò sì sí ẹni tó mọ ọjà bátìrì tó máa ní irọ́ ni.

Àwọn oníbàárà fúnra wọn kò sọ̀rọ̀ lóhùn kan. Ọ̀pọ̀ ní kí wọ́n kàn fún àwọn ní bátìrì ńlá àti ṣájà tó yára, pé páwà báńkì ti parí ìyókù. Àwọn ilé iṣẹ́ ń tọ́ka sí èyí, pé LG V20 wà lórí igbá, àwọn èèyàn kò rà á. Èsì tí wọ́n ń gbà ni pé nígbà tí gbogbo fóònù tó dára bá ti di mọ́ra, ẹni tó wọ ọjà kò ní nǹkan kan láti yàn.

Sọ́fítíwíà báwo?

Ibí yìí ni àwọn tó ń tún fóònù ṣe ti ń figbe ta jù. Ẹnì kan lè ra bátìrì ojúlówó, kó fi sínú fóònù dáadáa, kí fóònù náà sì máa kọ ọ́ sójú pé òun kò mọ bátìrì yìí, kí ó sì kọ̀ láti fi ìlera bátìrì hàn. Ilé iṣẹ́ ti so nọ́ńbà bátìrì mọ́ fóònù. Apple ti tú okùn yìí díẹ̀ láti 2024, pàápàá fún pátì tó wá láti ara iPhone mìíràn. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà tiẹ̀ fòfin dè é lọ́dún kan náà. Gbólóhùn kúkúrú tó wà nínú Abala 11 lórí sọ́fítíwíà ń lọ sí ibi kan náà, ó sì lè jẹ́ òun ni oníṣẹ́ ọwọ́ máa kọ́kọ́ rí àǹfààní rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù náà ti ń yí padà. Nínú iPhone 16 tó jáde ní 2024, Apple lo irú gọ́ọ̀mù kan tó ń tú fúnra rẹ̀ bí iná kékeré bá gba inú rẹ̀ kọjá. Bátìrì 9V lásán ti tó. A máa fi wáyà kan pọ̀ mọ́ ọn, èkejì mọ́ ara férémù. Kó tó ìṣẹ́jú méjì, bátìrì ti dá dúró. Kò sí ooru, kò sí kẹ́míkà.

Kí ló kan ẹni tó ń ra fóònù ní Ìkẹjà tàbí Ìbàdàn?

Òfin Yúróòpù kò dé Nàìjíríà, ṣùgbọ́n fóònù Yúróòpù ń dé. Ọ̀rọ̀ ṣájà USB-C ni ẹ̀rí: EU ní kí gbogbo fóònù tuntun lò ó láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Apple kò ṣe ti Yúróòpù lọ́tọ̀. iPhone 15 tó jáde ní 2023 wá pẹ̀lú USB-C káàkiri ayé, títí dé Computer Village.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iPhone 14 jáde ní 2022, èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà kò ní ojú ihò SIM, bẹ́ẹ̀ èyí tó wà níbòmíràn ní i. Ẹni tó ti ra tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà láìbéèrè mọ ohun tí mò ń sọ. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ lè ṣe fóònù kan fún gbogbo ayé, wọ́n sì lè ṣe ti Yúróòpù lọ́tọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ fóònù UK used ti ń wá, sì ti kúrò nínú EU láti 2020. Tecno, Infinix àti itel tó gba ìgboro wa kan kì í fi Yúróòpù ṣe ọjà àkọ́kọ́ wọn. Itel onítọ́ọ̀ṣì ṣì ń ṣí lẹ́yìn títí dòní láìsí òfin kankan tó ní kí ó ṣí.

Ohun tó lè yí padà kíákíá ni iṣẹ́ àwọn ẹ̀ńjiníà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yọ bátìrì iPhone tàbí Galaxy ní òpópónà Otigba, ní Computer Village. Wọ́n á gbé fóònù sórí irin gbígbóná tàbí kí wọ́n fẹ́ ẹ ní blower títí gọ́ọ̀mù á fi rọ̀, wọ́n á ki ike tẹ́ẹ́rẹ́ bọ etí gíláàsì, díẹ̀díẹ̀, kó má baà fọ́. Bátìrì ló kù. Bí ọwọ́ bá yá jù tí ó ká, tàbí tí irin gún un, èéfín lè jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè tó máa ń wá: «Ẹ̀ńjiníà, ṣé orijínà ni?» «Orijínà ni, ẹ̀gbọ́n, mo fọwọ́ sọ̀yà.» Kò sí nǹkan tí oníbàárà lè fi yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀. Bí àwọn ilé iṣẹ́ bá ń ta bátìrì fún ọdún púpọ̀ ní iye tó mọ́gbọ́n dání, ojúlówó lè wọ́pọ̀ sí i, yálà wọ́n tà á níbí tàbí àwọn èèyàn kó o wá láti òkè òkun.

Ṣé kí n dúró de 2027 kí n tó ra fóònù?

Fóònù tó bá ti wọ ọjà Yúróòpù ṣáájú ọjọ́ yẹn kò kan òfin àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó máa padà wá ṣí i. Bí ti tòkúnbọ̀ lẹ bá ń rà, fóònù ọdún 2027 lè má dé ọwọ́ yín ní iye tó rọrùn títí di 2029 tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ní báyìí, ẹni tó ń ra iPhone àlòkù lè wo Battery Health nínú Settings. Láti iPhone 15 sókè, ó tún ń fi iye ìgbà tó ti gba iná hàn. Bó bá ti wà lábẹ́ ìdá 80, kí ẹ fi owó bátìrì tuntun kún iye tí ẹ ń ná an. Bí ó bá sì kọ ọ́ pé òun kò mọ bátìrì tó wà nínú rẹ̀, wọ́n ti ṣí fóònù náà rí. Ti Android, ẹ wo etí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì: bí ojú rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ń gbéra kúrò lára férémù, bátìrì ti wú nìyẹn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má sì fi sí iná.